Ẹ kọ ìṣirò àjọ yín sílẹ̀ kí ẹ tó dá owó àkọ́kọ́

Ní ọjà Adjamé ní Abidjan, bí ẹ bá bi Jùlá kan ní iye tó fẹ́ ta ọjà rẹ̀, tó sì fèsì pé "kẹmẹ", ẹ má ṣe na francs ọgọ́rùn-ún sí i. Lóòótọ́, ọgọ́rùn-ún ni kẹmẹ lédè Jùlá, ṣùgbọ́n dọrọmẹ ni wọ́n fi ń ka owó, dọrọmẹ kan sì jẹ́ francs márùn-ún. Francs 500 ló ń béèrè. Bó bá ní "wa kelen", tó jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan, francs 5,000 ló ń wí. Ọmọ Ejigbo tó bá sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì lónìí, kò ní pé ọ̀sẹ̀ méjì kó tó mọ ìṣirò yìí sórí: iyekíye tí wọ́n bá pè, sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún. Ó lè má mọ̀ pé 5x tí olùkọ́ kọ sójú pátákó, tí òun sá fún nílé ẹ̀kọ́, lòun ń ṣe láàárín ọjà yẹn.

Kò yẹ kí áljẹ́brà ba àwa Yorùbá lẹ́rù, nítorí orúkọ òǹkà wa gan-an, ìṣirò ni. Márùndínlógójì: ẹ mú ogún méjì, ẹ yọ márùn-ún kúrò. Àádọ́ta: ẹ mú ogún mẹ́ta, ẹ yọ mẹ́wàá kúrò. Kí ọmọ tó pe 50 lédè Yorùbá, ó ti sọ nǹkan di ìlọ́po, ó sì ti yọ nǹkan kúrò, bí kò tilẹ̀ mọ̀. Ọ̀rọ̀ "áljẹ́brà" fúnra rẹ̀ ti inú àkọlé ìwé kan wá, èyí tí al-Khwarizmi kọ ní Baghdad ní nǹkan bí ọdún 820. Apá kan tó gùn nínú ìwé náà dá lórí bí wọ́n ṣe ń pín ogún tí òkú fi sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó àti ẹbí wà nídìí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé àjọ àti èsúsú tí àwa Yorùbá ń dá ní Treichville, Adjamé, Koumassi àti Abobo ti tó ohun tí a ó máa kọ sílẹ̀ bí ìṣirò, pẹ̀lú lẹ́tà, kí ẹnikẹ́ni tó mú owó jáde. Orúkọ èèyàn àti iye tí wọ́n dá nìkan ló sábà máa ń wà nínú ìwé ẹgbẹ́. Ìyẹn ń sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Kò sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ sì ni owó àwọn èèyàn ń bá lọ.

Iye tí alájọ ń gbà gan-an

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ alájọ tó ń yí ọjà ká láràárọ̀ pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́. Gbogbo wa la mọ òfin rẹ̀: owó ọjọ́ kan nínú oṣù ni tirẹ̀. Ká pe owó ojoojúmọ́ ní d, ká pe iye ọjọ́ tí èèyàn dá ní n. Ohun tó kó jọ jẹ́ nd. Ohun tí yóò gbà jẹ́ nd − d, tàbí (n − 1)d. Ìyá tó ń dá francs 500 lójúmọ́ fún ọjọ́ 31 ti kó 15,500 jọ. 15,000 ni yóò gbà. Bó bá ń ṣe é lóṣooṣù, 6,000 ni alájọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún.

Kò burú. Alájọ ló ń fẹsẹ̀ rìn, òun ló ń gbé owó olówó kiri nínú oòrùn, òun náà ni wọ́n máa mú bí owó bá sọnù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí lẹ́tà ń fi hàn tí ẹnu kì í sọ. Ìpín alájọ nínú ohun tí ẹ kó jọ jẹ́ d lórí nd, ìyẹn 1/n. Ẹ rí i pé d ti kúrò níbẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bóyá 200 lẹ ń dá tàbí 5,000, kò yí ìpín náà padà. Iye ọjọ́ nìkan ló ń pinnu rẹ̀. Ẹni tó dá ọjọ́ 31 san nǹkan bí 3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣàìsàn, tó sáré wá gba owó lọ́jọ́ kẹwàá, san 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó gba tirẹ̀ lọ́jọ́ karùn-ún san 20 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ wo ẹni tí èyí ń dùn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ le dáadáa lè dúró títí oṣù á fi parí. Ẹni tí wàhálà máa ń já lù láàárín oṣù, òun ló ń san iye tó pọ̀ jù fún iṣẹ́ kan náà. Mi ò rò pé alájọ kankan jókòó pète rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń ṣẹlẹ̀ nítorí pé a kò kọ ọ́ sílẹ̀ ká lè rí i. Bí a bá kọ ọ́, a lè bá alájọ ṣàdéhùn pé 1/31 ni yóò máa gbà lórí ohunkóhun tó bá wà nínú káàdì, ọjọ́ yòówù kí olówó wá gbà á. Ẹni tó gba owó lọ́jọ́ kẹwàá á wá san nǹkan bí francs 161 dípò 500. Alájọ kò pàdánù: ọjọ́ mẹ́wàá ló rìn, owó iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá ló gbà.

Àwọn ọ̀dọ́ á ní kí a gbé gbogbo rẹ̀ sórí fóònù. Nígbà tí Wave dé Côte d'Ivoire ní 2021, ó ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lòun yóò máa gbà lórí owó tí wọ́n bá fi ránṣẹ́, òun kò sì ní gba nǹkan kan lórí fífi owó sí i àti gbígbà á jáde. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ti wà ńlẹ̀ ṣáájú rẹ̀ náà dín iye tiwọn kù. Lórí ìwé, ìṣirò fóònù dára ju ti alájọ lọ. Àmọ́ fóònù kì í dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yín láàárọ̀ kó ní, "Ìyá, tòní dà?" Owó tó wà lórí fóònù, kí ilẹ̀ tó mọ́ èèyàn lè ti fi ra nǹkan tí kò ní lọ́kàn. Àwọn obìnrin tó gbà láti san 1/31 kí ẹlòmíràn lè bá wọn di ọwọ́ ara wọn mú, wọn kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ọjà ni wọ́n rà. Kí wọ́n sáà mọ iye rẹ̀, títí kan iye rẹ̀ lọ́jọ́ kẹwàá.

Ta ló ń ru gbèsè ẹni tó sá?

Èsúsú ló gba ìrònú jù. Samuel Johnson ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. William Bascom, ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣèwádìí púpọ̀ nípa wa, kọ odindi àròkọ lé e lórí ní 1952. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e kọjá òkun, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní "susu" ní Trinidad títí dòní. Ní Abidjan, "tontine" ni orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn tó ń sọ Faransé, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹ̀yà tí kì í dá a.

Ká ní èèyàn 12 ni wọ́n, kálukú ń dá 25,000 lóṣù. Ẹni tó bá kàn yóò kó 300,000. Ká pe iye èèyàn ní n, owó oṣù ní c, ipò tí ẹ ti máa kó ní k. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kó, ẹ ti dá kc, ẹ sì gba nc. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì jẹ́ (n − k)c. Gbogbo ọ̀rọ̀ èsúsú wà nínú àkámọ́ yẹn. Ẹni tó kó lákọ̀ọ́kọ́ gba 275,000 tí kì í ṣe tirẹ̀, yóò sì fi oṣù mọ́kànlá san án láìsí èlé. Ẹ wá bánkì tó máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún un. Ẹni kẹta ṣì jẹ ẹgbẹ́ ní 225,000. Ẹni kejìlá kò yá kọ́bọ̀, owó ara rẹ̀ ló gbà padà. A yá àwọn kan lówó, a sì sọ àwọn kan di bánkì, síbẹ̀ orúkọ kan náà la ń pe gbogbo wọn: ọmọ ẹgbẹ́.

Ẹ wá jẹ́ kí ẹni kẹta kó owó tán, kó wọ ọkọ̀ lóru, kó gba Noé kọjá sí Ghana. Irú rẹ̀ kì í ṣe àjèjì. Ta ló pàdánù? Bí ẹ bá bi ẹgbẹ́, wọ́n á ní "gbogbo wa ni". Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti oṣù kẹrin, èèyàn 11 ló kù tó ń dá owó, nítorí náà 275,000 ni ẹni tó bá kàn yóò máa kó. Ẹni kìíní àti ẹni kejì ti kó 300,000 tiwọn pé. Wọ́n á máa dá 25,000 wọn bíi ti tẹ́lẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ kò gba kọ́bọ̀ lápò wọn. Àwọn mẹ́sàn-án tó kù ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn yóò pàdánù 25,000. Ìlọ́po mẹ́sàn-án 25,000 jẹ́ 225,000, iye kan náà tí àkámọ́ ti sọ fún wa. Àwọn tó ní sùúrù jù, tí wọ́n gbà láti kó lẹ́yìn, ni wọ́n ru gbogbo ẹrù náà.

Mo lérò pé òfin yìí kò dára, ó sì rọrùn láti tún ṣe. Kí ẹgbẹ́ kọ ọ́ sójú ewé àkọ́kọ́ pé bí ẹnì kan bá sá lẹ́yìn tó ti kó ní ipò k, (n − k)c ni gbèsè tó fi sílẹ̀, gbogbo àwọn tó ṣẹ́ kù, tí wọ́n jẹ́ n − 1, ni yóò sì pín in. Nínú àpẹẹrẹ wa, 225,000 tí a pín sọ́nà 11 jẹ́ nǹkan bí 20,455. Ẹni kìíní àti ẹni kejì á mú 20,455 tiwọn wá, ohun tó já lé àwọn mẹ́sàn-án á sì dín láti 25,000 sí 20,455. Àwọn tó ti kó yóò bínú, mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ pé kí wọ́n fọwọ́ sí i nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ipò tó máa bọ́ sí.

Àkámọ́ yẹn tún ṣàlàyé ohun mìíràn. Àwọn ìyá àgbà tó ń darí èsúsú kì í jẹ́ kí ẹni tuntun, tí wọn kò mọ ilé rẹ̀, kó ṣáájú. Bí k bá kéré, gbèsè pọ̀. Wọ́n mọ̀ ọ́n láìkọ lẹ́tà kankan. Wọ́n á ní ìwà làwọn ń wò. Àmọ́ ọgbọ́n náà ní ẹni tó ń dùn: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé, tí kò ní owó òwò, tó nílò owó jù gbogbo wọn lọ, òun ni wọ́n lé sẹ́yìn. Oníduro la fi ń yanjú ìyẹn. Mo kàn fẹ́ kí oníduro mọ ohun tó ń dúró fún. Ẹni tó dúró fún ẹni kẹta kò dúró fún "ọmọ dáadáa ni". 225,000 ló dúró fún lóṣù kẹta, 200,000 bí ọmọ náà bá dá ti oṣù kẹrin, 175,000 lẹ́yìn ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa fi c dín títí yóò fi tán. Bí wọ́n bá ka iye yìí sí i létí lójú gbogbo ẹgbẹ́, bóyá á tún inú rò, bóyá á sì dúró tọkàntọkàn. Èyíkéyìí nínú méjèèjì sàn ju kó jẹ́ ẹ̀yìn tí nǹkan ti bàjẹ́ tán ni yóò tó mọ̀.

Ọjọ́ mélòó ló kù?

Ìṣirò tó rọrùn jù, òun la kì í ṣe. Onílé ní Abidjan sábà máa ń gba owó oṣù mélòó kan sílẹ̀ kó tó fún èèyàn ní kọ́kọ́rọ́. Ká ní 250,000 ló ń béèrè, ẹ sì ti ní 20,000. Bí ẹ bá ń fi 500 pamọ́ lọ́jọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, ohun tó wà lọ́wọ́ yín lẹ́yìn ọjọ́ x jẹ́ 20,000 + 500x. Yóò pé 250,000 nígbà tí x bá jẹ́ 460. Bó bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́fà lẹ fi ń tajà lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 77 nìyẹn, ọdún kan àti nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ẹ sọ 500 di 700, ó di ọjọ́ 329, tàbí ọ̀sẹ̀ 55. Francs 200 lójúmọ́ ti gé nǹkan bí oṣù márùn-ún kúrò. Ìyá kan lè ti máa fi 500 pamọ́ lọ́dún méjì láìmọ̀ pé 200 péré ló wà láàárín òun àti oṣù márùn-ún.

Lẹ́tà tí a máa ń gbàgbé

Ní oṣù Kínní ọdún 1994, ní Dakar, wọ́n kéde pé 100 francs CFA ni yóò máa ra franc Faransé kan, dípò 50. Ẹni tó ní 100,000 CFA sùn pẹ̀lú owó tó tó 2,000 francs Faransé, ó jí pẹ̀lú 1,000. Kò ná kọ́bọ̀ nínú rẹ̀.

Lónìí, CFA so mọ́ euro ní 655.957, ìyẹn kò yẹsẹ̀. Naira ni kò dúró sójú kan. Kí oṣù Kẹfà 2023 tó dé àárín, nǹkan bí naira 470 ni dọ́là kan lójú ọjà ìjọba. Kí oṣù Kejì 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,500. Ẹ wo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Abidjan, tó ń sọ owó rẹ̀ di naira lóṣooṣù nítorí ilé tó fẹ́ kọ́ sí Ejigbo. Bó bá ní 470,000 naira ní bánkì tẹ́lẹ̀, nǹkan bí dọ́là 1,000 ni. Ní 1,500, ó ti di nǹkan bí 313. Ìwé bánkì rẹ̀ ò yí padà, 470,000 náà ló ṣì wà níbẹ̀.

Ká pe owó tó wà ní ìpamọ́ ní S, ká pe iye naira tó ń ra dọ́là kan ní r. Ohun tí èèyàn ní gan-an ni S/r. S lè máa pọ̀ sí i lóṣooṣù kí S/r sì máa kéré sí i, bí r bá ń sáré ju S lọ. Nínú èsúsú tí wọ́n ń dá ní naira, èyí túmọ̀ sí pé ẹni tó kó kẹ́yìn gba owó tó kéré ju ti ẹni àkọ́kọ́, bí iye tí wọ́n kà sí wọn lọ́wọ́ tilẹ̀ dọ́gba. Ìdí tí mo fi gbà pé kí àwọn tó ń kọ́lé nílé máa dá tiwọn ní CFA nìyẹn, kí wọ́n sọ ọ́ di naira lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ra sìmẹ́ǹtì. CFA náà kò ní ẹ̀rí pé kò ní yẹ̀ láéláé, 1994 wà níbẹ̀. Àmọ́ nínú méjèèjì, mo mọ èyí tí r rẹ̀ ń sáré.

Ti àwọn tó ń ṣèlérí kò gùn. Ní 2016, MMM gba ìgboro Nàìjíríà kan pẹ̀lú ìlérí 30 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n ti owó àwọn èèyàn pa. Ẹ kọ ìlérí náà sílẹ̀, ká pe owó tí èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ ní P, n sì jẹ́ iye oṣù: P × 1.3ⁿ. Lẹ́yìn ọdún kan, 10,000 ti di nǹkan bí 233,000. Lẹ́yìn ọdún méjì, ó ti lé ní mílíọ̀nù márùn-ún. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ó ti lé ní mílíọ̀nù 126. Òwò wo ni wọ́n ń ṣe tó máa mú ìyẹn jáde látinú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá? Irú ìlérí yìí kì í kú, orúkọ ló máa ń yí padà, ó sì ń wọ orí WhatsApp lédè Yorùbá àti Faransé títí di ìsinsìnyí.

Mo ti gbọ́ àtakò tó wọ́pọ̀ jù: pé bí a bá ń kọ "bí ẹnì kan bá sá" sínú ìwé, a ti sọ ara wa lólè nìyẹn, pé ìfọkàntán ló gbé èsúsú ró láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Òótọ́ ni pé ìṣirò kò lè mọ ẹni tó máa sá. Ṣùgbọ́n ìfọkàntán ìgbà náà ní ilé tí gbogbo èèyàn mọ̀ lẹ́yìn: bí ẹnì kan bá sá, ẹ ó bá bàbá rẹ̀ nílé, ẹ ó bá ilẹ̀ rẹ̀ lóko. Ní Abidjan, ẹni tí ẹ jọ ń dá owó lè jẹ́ ọmọ ìlú kan tí ẹ kò dé rí, ilé tó ń gbé kì í ṣe tirẹ̀, ààlà Ghana kò sì jìnnà. Owó tí ẹgbẹ́ ń dá ti pọ̀ sí i, ohun tó ń dì í mú ti dín kù.

Wọ́n tún máa ń sọ pé àwọn ìyá wa kò mọ̀wé. Ọmọ wọn mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó wà ní kíláàsì 4ème tàbí 3ème ní Abidjan ń kọ́ x àti y lọ́wọ́. Alaalẹ́ ló ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lórí nọ́mbà tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, ìyá rẹ̀ sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fi ìka ka ipò rẹ̀ nínú èsúsú. Kí ìyá náà sọ fún un pé n jẹ́ 12, c jẹ́ 25,000, òun sì wà ní ipò keje. Ọmọ á sọ fún un pé 125,000 ni yóò ṣì jẹ ẹgbẹ́ lọ́jọ́ tó bá kó. Kí ìyá tún bi í pé bí ẹni kejì bá sá ńkọ́. Ọmọ á ní 250,000 ló gbé lọ, á sì béèrè bóyá èèyàn 11 ló máa pín in, tàbí àwọn 10 tí kò tíì kó.